Ẹ̀rí Dókítà Nínú Ẹjọ́ Ìfipábánilòpọ̀: Ìwé Ni Ilé-ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn Máa Ń Kà

Bí ẹjọ́ ìfipábánilòpọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ ní àdúgbò Gadumo, ní Lokoja tí í ṣe olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Kogi, ọ̀nà tí yóò rìn jìn. Láti àgọ́ ọlọ́pàá ni yóò ti dé Ilé-ẹjọ́ Gíga ìpínlẹ̀ náà, níbi tí adájọ́ yóò ti fi ojú ara rẹ̀ rí olùfisùn, tí yóò gbọ́ ohùn rẹ̀, tí yóò sì máa wo ìṣesí olùjẹ́jọ́ bí wọ́n ṣe ń bi í ní ìbéèrè. Bí wọ́n bá dá olùjẹ́jọ́ lẹ́bi, òfin fún un ní 90 ọjọ́ láti gbé ẹjọ́ náà lọ sí Ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Abuja. Láti ìgbà náà lọ, kò sí ojú mọ́, kò sí ohùn mọ́. Ìwé ni ó kù.

Ọ̀pọ̀ ẹbí ni kì í mọ èyí ní ọjọ́ tí aburú náà bá ṣẹlẹ̀. Àwọn adájọ́ mẹ́ta tí wọ́n máa ń jókòó gbọ́ ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kì í sábà pe ẹlẹ́rìí padà. Àkọsílẹ̀ ohun tí àwọn ẹlẹ́rìí sọ ní ilé-ẹjọ́ ìṣáájú, pẹ̀lú àwọn ìwé àti ohun èlò tí wọ́n gbà wọlé gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, ni wọn yóò gbé yẹ̀ wò. Bí ọ̀rọ̀ náà bá tún kọjá sí Ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ, adájọ́ márùn-ún ni yóò tún ka ìwé kan náà, wọn kì í sì í fẹ́ yí ohun tí ilé-ẹjọ́ méjì ìṣáájú ti fi ẹnu kò lé lórí padà, àyàfi tí àṣìṣe rẹ̀ bá hàn gbangba. Nípa bẹ́ẹ̀, ìlà mẹ́rin tí nọ́ọ̀sì kan fi ìkánjú kọ ní òru ọjọ́ kan lè di ohun tí ẹ̀wọ̀n gbére tàbí òmìnira ènìyàn yóò dúró lé ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà.

Wákàtí 72

Ìtọ́jú ni àkọ́kọ́, kí ọ̀rọ̀ ẹjọ́ tó dé. Àwọn onímọ̀ ìlera gbà pé ẹni tí wọ́n fi ipá bá lò pọ̀ gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ oògùn tó ń dènà kòkòrò HIV láàrin wákàtí 72, kí ó sì lò ó fún ọjọ́ 28. Bí ó bá yá jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ó sàn jù. Oògùn tí ó ń dènà oyún lè ṣiṣẹ́ títí di ọjọ́ márùn-ún, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ ń dín kù bí wákàtí ṣe ń kọjá. Abẹ́rẹ́ àjẹsára àrùn mẹ́dọ̀wú irú B àti ti ipá wà lára ohun tí dókítà lè fún un pẹ̀lú. Ní Lokoja, Ilé-ìwòsàn Àkànṣe ti ìpínlẹ̀ náà àti ilé-ìwòsàn ńlá ti Ìjọba Àpapọ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ ará ìlú ṣì ń pè ní FMC, ni àwọn ará Gadumo máa ń sá lọ fún irú ọ̀rọ̀ báyìí.

Òfin tí ó de ìwà ipá sí ènìyàn, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí VAPP, tí Ìjọba Àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2015, tí Ìpínlẹ̀ Kogi sì sọ di òfin tirẹ̀ ní ọdún 2022, sọ pé ẹni tí wọ́n hu irú ìwà bẹ́ẹ̀ sí ní ẹ̀tọ́ sí ìtọ́jú ìṣègùn, ìtọ́jú ọkàn àti ìrànlọ́wọ́ agbẹjọ́rò. Nítorí náà, kò tọ̀nà kí ẹbí máa jókòó sí àgọ́ ọlọ́pàá títí ilẹ̀ yóò fi ṣú kí wọ́n tó gbé ọmọ dé ilé-ìwòsàn.

Wákàtí kan náà tí ìtọ́jú ń bá sá eré ni ẹ̀rí náà ń bá sá. Àtọ̀, ẹ̀jẹ̀, irun àti itọ́ kì í pẹ́ lára. Ìwẹ̀ ń fọ̀ wọ́n dànù, ìtọ̀ ń gbé wọn lọ, aṣọ tí a sá sóòrùn lẹ́yìn tí a fọ̀ ọ́ kò ní púpọ̀ láti sọ mọ́. Ohun àkọ́kọ́ tí ìyá yóò sì ṣe fún ọmọ tí ó wọlé pẹ̀lú ẹkún ni pé yóò pọn omi fún un kí ó wẹ̀, yóò sì kó aṣọ tó wọ̀ sínú omi ọṣẹ. Ìfẹ́ ni, kì í ṣe àìmọ̀kan. Àmọ́ bí ó bá ṣeé ṣe, kí wọ́n kọ́kọ́ gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà. Bí ó bá ti wẹ̀, kí wọ́n ṣì lọ, nítorí pé ọgbẹ́ àti ohun tí aláìsàn sọ fún dókítà kò bá omi lọ.

Pátá àti aṣọ tí ó wọ̀ ní ọjọ́ náà, inú àpò bébà ni ó yẹ kí wọ́n kó o sí, kì í ṣe inú náílọ̀nù. Náílọ̀nù máa ń mú ooru àti ọ̀rinrin dúró, aṣọ náà yóò sì bu, ohun tí àwọn onímọ̀ DNA ń wá yóò sì bà jẹ́. Aṣọ kọ̀ọ̀kan ni ó yẹ kí ó ní àpò tirẹ̀, kí wọ́n kọ orúkọ, ọjọ́ àti wákàtí sí i lára, kí ẹni tí ó gbà á lọ́wọ́ ẹnìkan sì fi ọwọ́ sí ìwé pé òun gbà á. Agbẹjọ́rò olùjẹ́jọ́ yóò béèrè ẹni tí àpò náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì. Bí kò bá sí ìdáhùn nínú ìwé, kò sí ìdáhùn nìyẹn.

Ohun tí ìwé dókítà kò lè sọ

Ó ti pẹ́ tí ọ̀pọ̀ ìwé ìjábọ̀ dókítà ní Nàìjíríà ti máa ń jẹ́ gbólóhùn kan ṣoṣo: pé ìbálé ọmọ náà ti já. Gbólóhùn yìí kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ tó bí àwọn ènìyàn ṣe rò. Àjọ Ìlera Àgbáyé àti àwọn àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé méjì mìíràn kéde ní oṣù kẹwàá ọdún 2018 pé àyẹ̀wò ìbálé kò ní ìpìlẹ̀ kankan nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, wọ́n sì ní kí àwọn orílẹ̀-èdè fi òpin sí i. Bí awọ náà ṣe rí yàtọ̀ láti ara obìnrin kan sí èkejì. Òmíràn kò ní ya rárá nígbà ìbálòpọ̀, òmíràn sì lè yà láìsí ìbálòpọ̀.

Bákan náà ni ti ọgbẹ́. Ọ̀pọ̀ obìnrin tí wọ́n fi ipá bá lò pọ̀ ni kì í ní ọgbẹ́ kankan ní ojú ara, yálà nítorí pé ìbẹ̀rù mú wọn dúró jẹ́ẹ́, tàbí nítorí pé ẹni náà fi ọ̀bẹ tàbí ìbọn dẹ́rù bà wọ́n. Lára ọmọdé, ọgbẹ́ ibẹ̀ máa ń tètè jiná, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tí dókítà bá yẹ̀ wò ni ara wọn yóò sì dà bí ẹni pé nǹkan kò ṣe wọ́n. Dókítà tí ó bá kọ ọ́ pé “kò sí àpẹẹrẹ ìfipábánilòpọ̀” ti ṣe ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ, ẹni tí ó kọ ọ́ pé “wọ́n fi ipá bá a lò pọ̀” náà sì ti ṣe ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ohun tí ó rí ni kí ó kọ: ọgbẹ́ mélòó, níbo, gígùn rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀, ohun tí aláìsàn sọ pé ó fà á, àti bóyá ohun tí òun rí bá ọ̀rọ̀ náà mu tàbí kò bá a mu. Kí ó ya àwòrán ara, kí ó sì fi àmì sí ibi tí ọgbẹ́ wà. Èyí tí ó kù, ilé-ẹjọ́ ni ó ni ín.

Òfin pàápàá kò béèrè ọgbẹ́. Nínú òfin Penal Code tí wọ́n ń lò ní Kogi àti àwọn ìpínlẹ̀ àríwá yòókù, wíwọlé lásán, bí ó ti wù kí ó kéré mọ, ti tó láti jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ náà. Kò pọn dandan kí ìbálé já tàbí kí àtọ̀ jáde.

Kókó kan wà tí ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn máa ń padà sí léraléra. Ìwé dókítà lè fi hàn pé nǹkan ṣẹlẹ̀ sí ọmọ náà. Kò lè sọ ẹni tí ó ṣe é. Nígbà tí dókítà bá rí ọgbẹ́ lára ọmọ ọdún mẹ́jọ, ìdájì ọ̀rọ̀ ni ó rí. Ìdájì yòókù gbọ́dọ̀ wá láti ibòmíràn: láti ẹnu ọmọ náà, láti ẹnu ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ fún, láti ara aṣọ, láti inú àyẹ̀wò DNA, tàbí láti inú ọ̀rọ̀ tí olùjẹ́jọ́ fúnra rẹ̀ sọ. Ọ̀pọ̀ ọlọ́pàá ni ó ti ro pé bí àbọ̀ àyẹ̀wò bá ti dé, iṣẹ́ parí.

Ta ni ó kọ ọ́, ta ni ó gbé e wá?

Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011, ní abala 55, gbà pé ìwé-ẹ̀rí tí onímọ̀ ìjọba tí abala náà dárúkọ bá fọwọ́ sí lè tó gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Àmọ́ abala náà fi ọ̀nà sílẹ̀: ilé-ẹjọ́ lè pàṣẹ kí ẹni tí ó kọ ọ́ wá fúnra rẹ̀, pàápàá bí ọ̀kan nínú àwọn olùjà bá béèrè fún un. Ibí yìí ni ẹjọ́ púpọ̀ ti ń fọ́. Dókítà náà ti kúrò ní Lokoja, tàbí ó ti lọ sí Ìlú Ọba bí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ń ṣe. Ọlọ́pàá tí ó ṣèwádìí ni yóò wá gbé ìwé náà kalẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè dáhùn ìbéèrè kan ṣoṣo nípa ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Bí ìwé náà kò bá ní ọjọ́, tí orúkọ dókítà kò bá ṣeé kà, tàbí tí ó bá jẹ́ ẹ̀dà tí ẹnikẹ́ni kò jẹ́rìí sí, agbẹjọ́rò olùjẹ́jọ́ yóò gbé e lọ sí Abuja bí ẹni tí ó rí owó he.

Lokoja tún ní ìṣòro tirẹ̀, ìyẹn èdè. Ìlú tí odò Ọya àti Benue ti pàdé ni, àwọn Ebira, Igala, Nupe, Bassa, Hausa àti àwọn Yorùbá Okun sì ń gbé pọ̀ níbẹ̀. Ọmọ lè sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní èdè Ebira, kí aládùúgbò túmọ̀ rẹ̀ sí Hausa, kí nọ́ọ̀sì sì kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀ tí ó gba ẹnu mẹ́ta kọjá kì í dé bí ó ṣe lọ. Ìlànà ilé-ẹjọ́ ni pé kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ tí olùjẹ́jọ́ sọ ní àgọ́ ọlọ́pàá sílẹ̀ ní èdè tí ó fi sọ ọ́ bí ó bá ṣeé ṣe, kí wọ́n tó túmọ̀ rẹ̀, kí ògbufọ̀ náà sì wá jẹ́rìí. Bí ògbufọ̀ kò bá wá, ìwé ìjẹ́wọ́ tí gbogbo ènìyàn gbójú lé lè di ọ̀rọ̀ àgbọ́sọ. Kí orúkọ ẹni tí ó túmọ̀ wà nínú fáìlì ilé-ìwòsàn náà, èyí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Ọjọ́ orí àti omíyalé

Nínú ẹjọ́ ọmọdé, ìwé kan wà tí kì í ṣe ti dókítà, tí ó sì lè wúwo ju ti dókítà lọ: ìwé-ẹ̀rí ọjọ́-ìbí. Lábẹ́ Penal Code, bí ọmọbìnrin kò bá tí ì pé ọdún 14, kò sí ohun tí ń jẹ́ pé ó gbà tàbí kò gbà. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti Ìjọba Àpapọ̀, ti ọdún 2003, gbé e dé ọdún 18. Nítorí náà, olùpẹjọ́ gbọ́dọ̀ fi ọjọ́ orí hàn, kì í ṣe kí ó kàn fi ẹnu sọ ọ́. Ọdún 1992 ni òfin ti sọ ọ́ di dandan pé kí wọ́n máa forúkọ ọmọ tuntun sílẹ̀ jákèjádò Nàìjíríà, síbẹ̀ àìmọye ọmọ ni kò ní ìwé kankan. Ẹ̀rí ìyá tí ó bí i wúlò, nítorí òun ni ó wà níbẹ̀. Dókítà náà lè fojú díwọ̀n ọjọ́ orí láti ara eyín àti egungun, ṣùgbọ́n ìdíwọ̀n ni, ó sì lè fi ọdún kan tàbí méjì yẹ̀.

Ní Gadumo àti àwọn àdúgbò Lokoja mìíràn tí omi máa ń dé, ọ̀rọ̀ yìí tún ju ti ibòmíràn lọ. Ìkún omi ọdún 2012 àti ti 2022 lé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn kúrò nílé ní ìlú náà. Ohun tí omi kọ́kọ́ ń bà jẹ́ nínú ilé ni ohun tí ó wà nínú àpótí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì: káàdì àjẹsára ọmọ, ìwé ọjọ́-ìbí, ìwé ilé-ìwé. Káàdì àjẹsára lásán ti ran ọ̀pọ̀ ìyá lọ́wọ́ láti fi ọjọ́ orí ọmọ hàn.

Ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 14 kì í búra ní ilé-ẹjọ́, gẹ́gẹ́ bí abala 209 Òfin Ẹ̀rí ṣe là á kalẹ̀. Adájọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ pé ó ní òye tó, àti pé ó mọ̀ pé òtítọ́ ni ó yẹ kí òun sọ. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rí mìíràn gbọ́dọ̀ ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn kí wọ́n tó lè dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Níbí ni ìwé dókítà ti ń di òpó ilé. Bí ó bá wó, òrùlé náà yóò wó.

Ìdájọ́ tó dúró àti èyí tó wó

Fún obìnrin tí ó ti dàgbà, òfin kò sọ pé dandan ni kí ẹ̀rí mìíràn wà. Ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ ti sọ ọ́ ju ìgbà kan lọ pé àìsí ìwé dókítà nìkan kò fọ́ ẹjọ́, bí ẹ̀rí yòókù bá ṣe é gbà gbọ́. Àmọ́ àwọn adájọ́ ti fi ṣe àṣà láti kìlọ̀ fún ara wọn kí wọ́n tó gba ẹ̀rí ẹnìkan ṣoṣo. Nínú ìdájọ́ kan ní ọdún 2001, tí ó wà nínú àkójọ Nigerian Weekly Law Reports tí àwọn agbẹjọ́rò ṣì ń tọ́ka sí títí di òní, Ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ fagi lé ẹ̀bi ìfipábánilòpọ̀ nítorí pé kò sí ẹ̀rí tó dúró láti ti ọ̀rọ̀ olùfisùn lẹ́yìn. Ní ọdún 2012, ilé-ẹjọ́ kan náà kọ̀ láti tú ọkùnrin kan sílẹ̀ tí wọ́n dá lẹ́bi lórí àwọn ọmọbìnrin kékeré méjì.

Ọ̀rọ̀ kan tí ó súnmọ́ Kogi ni ti Ìpínlẹ̀ Benue, tí ó bá a pààlà. Ọmọbìnrin ọmọ ọdún 13 kan kú níbẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 2018, lẹ́yìn tí àìsàn ojú ara tí ń jò ti bá a jà. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin ọdún 2022, ilé-ẹjọ́ méjì ní Makurdi gbé ìdájọ́ kalẹ̀ ní ọjọ́ kan náà. Ilé-ẹjọ́ Gíga ìpínlẹ̀ náà tú ọkùnrin tí wọ́n fẹ̀sùn ìfipábánilòpọ̀ kàn sílẹ̀, ó ní olùpẹjọ́ kò fi ẹ̀sùn náà hàn kọjá iyèméjì. Ilé-ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ sì rán ìyàwó ọkùnrin náà lọ sí ẹ̀wọ̀n oṣù márùn-ún nítorí àìbìkítà. Nígbà tí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn kò bá sí láàyè mọ́, ìwé ni yóò máa sọ̀rọ̀ fún un.

Ní Èkó, ilé-ẹjọ́ rán dókítà kan lọ sí ẹ̀wọ̀n gbére ní oṣù kẹwàá ọdún 2023 lórí ẹ̀sùn pé ó bá ọmọdé lò pọ̀. Ní ọdún 2024, Ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá a láre, ó ní ẹ̀rí tí ìjọba kó kalẹ̀ kò ṣeé gbára lé. Àwọn ènìyàn jà lórí rẹ̀ kíkan kíkan. Ṣùgbọ́n ohun tí ilé-ẹjọ́ náà ní níwájú rẹ̀ ni ó lè wò, kì í ṣe ohun tí ìlú gbà gbọ́.

Àyípadà kan wà tí ó yẹ kí àwọn tí ń kọ ìwé ìjábọ̀ mọ̀. Títí di ọdún 2011, òfin gbà kí agbẹjọ́rò máa wádìí ìwà obìnrin tí ó fẹ̀sùn kan ènìyàn, bóyá ó ti ń bá àwọn ọkùnrin lò. Abala 234 Òfin Ẹ̀rí tuntun ti ilẹ̀kùn yìí, àyàfi bí ilé-ẹjọ́ bá yọ̀ǹda. Síbẹ̀, àwọn dókítà kan ṣì ń kọ ọ́ sínú ìwé pé obìnrin náà “ti mọ ọkùnrin tẹ́lẹ̀”. Kò ran ìwádìí lọ́wọ́, ó sì ń fi ohun ìjà lé ẹlòmíràn lọ́wọ́.

Ẹ̀rí tí wọ́n fi pamọ́

Ìwé àti ohun èlò tí wọ́n tọ́jú dáadáa kì í gbèjà olùfisùn nìkan. Andrew Malkinson lo ọdún 17 lẹ́wọ̀n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí ìfipábánilòpọ̀ tí ó ṣẹlẹ̀ ní Salford ní ọdún 2003. Kò sí ẹ̀rí DNA kankan tí ó so ó mọ́ ọ̀rọ̀ náà. Obìnrin náà ti sọ pé òun fi èékánná ya ojú ẹni náà. Àwọn ọlọ́pàá ní àwòrán tí wọ́n yà, tí ó fi èékánná rẹ̀ tí ó kán hàn, wọn kò sì fi han àwọn agbẹjọ́rò Malkinson, ẹni tí kò ní àpá kankan lójú. Wọ́n ti ba aṣọ obìnrin náà jẹ́, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò kékeré tí wọ́n ti mú lára rẹ̀ ṣì wà ní ibi ìpamọ́. DNA ọkùnrin mìíràn ni wọ́n bá níbẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 2023, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní London fagi lé ẹ̀bi rẹ̀.

Ibi ìpamọ́ bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n ní Nàìjíríà. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ṣí ilé àyẹ̀wò DNA tirẹ̀ ní ọdún 2017, àwọn jàǹdùkú sì kó o, wọ́n bà á jẹ́ ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, nígbà ìwọ́de EndSARS. Mirabel Centre, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù keje ọdún 2013 ní ọgbà ilé-ìwòsàn LASUTH ní Ikeja, ni ibùdó àkọ́kọ́ ní orílẹ̀-èdè yìí tí ìtọ́jú, àyẹ̀wò àti ìtùnú ọkàn ti wà lábẹ́ òrùlé kan, lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn ti dá irú rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn náà.

Fún ẹbí tí ọ̀rọ̀ kàn ní Gadumo, àwọn ohun kan wà tí wọ́n lè fi ọwọ́ ara wọn ṣe. Kí wọ́n kọ nọ́ńbà fáìlì ilé-ìwòsàn, orúkọ dókítà àti ti nọ́ọ̀sì, ọjọ́ àti wákàtí tí wọ́n débẹ̀. Kí wọ́n béèrè orúkọ ọlọ́pàá tí ó gba aṣọ lọ́wọ́ wọn. Bí ẹjọ́ bá parí ní Lokoja, kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ agbẹjọ́rò ìjọba bóyá wọ́n ti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, nítorí ó lè ti wà ní Abuja fún ọdún kan kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún wọn. Ẹni tí ó bá ní ẹ̀tọ́ láti rí ìwé ilé-ẹjọ́ lè san owó díẹ̀ ní ọ́fíìsì akọ̀wé ilé-ẹjọ́ náà kí ó sì gba ẹ̀dà tí wọ́n jẹ́rìí sí, gẹ́gẹ́ bí abala 104 Òfin Ẹ̀rí ṣe fàyè gbà á. Kí wọ́n tọ́jú ẹ̀dà kan síbi tí omi kò lè dé.